Èrò ọkàn mi: Sáfíìsì tí dílà kọ sínú ìwé, ṣé wọ́n ṣe é lóòótọ́?

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí bó ṣe wà lọ́kàn mi. Owó tí à ń san fún sáfíìsì mọ́tò lọ́dọ̀ àwọn dílà ńlá ti kúrò ní kékeré, ó sì ń dùn mí gan-an pé àwọn ènìyàn ń gbé mọ́tò jáde níbẹ̀ tí iṣẹ́ tí wọ́n sanwó fún kò sí lára mọ́tò náà. Lójú tèmi, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe bàjẹ́ kọ́ ló pọ̀ jù nínú ẹjọ́ wa pẹ̀lú wọn. Èyí tí wọn kò fọwọ́ kàn rárá, tí wọ́n sì fi bírò mààkì pé ó ti parí, òun ló pọ̀. Irú rẹ̀ kì í pariwo lọ́jọ́ tí ẹ gba mọ́tò. Ó lè tó oṣù mẹ́fà kó tó fara hàn, nígbà náà kò ní sí ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ yín mọ́.

Ìdí tó fi ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín ní kántà kọ́ ló máa wọ abẹ́ mọ́tò. Ohun tí ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣàlàyé, ó máa kọ ọ́ ní gbólóhùn kan. Gbólóhùn yẹn á dé ọ̀dọ̀ fóòmàn, fóòmàn á pín in fún mẹkáníìkì, mẹkáníìkì náà sì lè ní mọ́tò mẹ́ta mìíràn nílẹ̀ tó gbọ́dọ̀ jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tí ojú oníbàárà lè tètè rí ni yóò kọ́kọ́ ṣe: ọ́ìlì tuntun, fílítà tuntun, ara mọ́tò tí wọ́n fọ̀ tó ń dán. Ohun tó fara pamọ́ ni wọ́n máa ń fò: fílítà AC, pípààrọ̀ ipò táyà, títú bíréèkì láti fi gíríìsì sí i, ọ́ìlì bíréèkì. Mi ò sọ pé olè ni gbogbo wọn. Àwọn ọmọ tó mọ iṣẹ́ wà níbẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò lẹ́yìn wọn, ohun tí kò hàn sójú ló máa kọ́kọ́ jábọ́.

Nítorí náà, kí mọ́tò tó wọ ọgbà wọn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò kìlómítà àti géèjì epo, ẹ yí mọ́tò ká kí ẹ ya ara rẹ̀, ẹ ya bátìrì, ẹ sì ya nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà DOT lára táyà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí 2323, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2023 ni wọ́n ṣe táyà náà. Bí mọ́tò bá wọlé pẹ̀lú 2323 tó sì jáde pẹ̀lú 1419, ọ̀rọ̀ ti tán. Lẹ́yìn náà, ẹ ra máàkà aláwọ̀ funfun tí kì í tètè parẹ́. Ẹ fi ṣe àmì kékeré sára fílítà ọ́ìlì bí ọwọ́ bá tó o, sára fílítà atẹ́gùn ẹ́ńjìnì, sára fílítà AC tó sábà máa ń wà lẹ́yìn àpótí kékeré tó wà níwájú ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, àti sára táyà iwájú ní apá òsì. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síwèé pé àwọn ti pààrọ̀ ipò táyà, táyà tó ní àmì yẹn kò yẹ kó ṣì wà níbi tí ẹ fi í sí.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ ohun tó ń ṣe mọ́tò, ẹ má sọ pé “ó ń pariwo” tàbí “kò sáré mọ́.” Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí wọ́n kọ “a yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí nǹkan” sínú ìwé. Ẹ sọ ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀, eré tí ẹ wà lórí rẹ̀, àti bóyá ẹ́ńjìnì ti gbóná tàbí kò tíì gbóná. “Bí mo bá tẹ bíréèkì láti 100 wá sí 60, ọwọ́ sitiárín máa ń gbọ̀n.” Ẹni tó mọṣẹ́ máa wo dísìkì bíréèkì iwájú tààrà. “Ó ń dún láàárọ̀ fún ìṣẹ́jú kan péré lẹ́yìn tí mo bá ti sítáàtì rẹ̀.” Ẹ rí i, iyẹn ti yàtọ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú jọ́ọ̀bù káàdì, ìwé tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ mọ́tò sí, bí ẹ ṣe sọ ọ́, kí ẹ kà á, kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Ẹ má buwọ́ lu káàdì tí àyè òfìfo wà nínú rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ gbólóhùn méjì yìí sí i: pé wọn kò gbọdọ̀ fi iṣẹ́ mìíràn kún un láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí iye owó rẹ̀ lórí WhatsApp tàbí ímeèlì, àti pé gbogbo ohun tí wọ́n bá tú dànù, kí wọ́n kó o sí búùtù fún yín. Ìpè orí fóònù nìkan kò tó, ẹnu kì í fi àkọsílẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, torí òun ni gbogbo ènìyàn rò pé ó rọrùn. Ẹ́ńjìnì Corolla 1.8 tí wọ́n ń pè ní 2ZR-FE ń gba lítà 4.2 bí wọ́n bá pààrọ̀ fílítà pẹ̀lú rẹ̀. Ti Camry 2.5, 2AR-FE, jẹ́ lítà 4.4. Nígbà náà, kéènì lítà 4 kò tó, lítà 5 sì pọ̀ jù. Bí wọ́n bá kọ lítà 5 sínú ìwé owó, ìyókù inú kéènì, yín ni. Ẹ béèrè rẹ̀. Bí wọ́n bá sì da gbogbo rẹ̀ sínú ẹ́ńjìnì kí ó má baà ṣẹ́ kù, ewu ni: kíráńkì, irin ńlá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, á máa na ọ́ìlì náà títí á fi yọ fóòmù, ọ́ìlì tó ní fóòmù nínú kì í dáàbò bo irin inú ẹ́ńjìnì bó ṣe yẹ, àwọn síìlì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ẹ fi mọ́tò sórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ pa á, ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fa géèjì ọ́ìlì yọ, ẹ nù ún, ẹ tún kì í bọ̀ ọ́, kí ẹ wá kà á. Àárín àmì méjèèjì ni ó yẹ kó wà. Kí ẹ ṣe èyí nínú ọgbà wọn, níwájú wọn. Irú ọ́ìlì náà ṣe pàtàkì. Bí ìwé mọ́tò bá sọ pé 0W-20 tàbí 5W-30 (nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó), kò yẹ kí wọ́n fa 20W-50 láti inú dúrọ́ọ̀mù sí i nítorí pé oòrùn wa mú. Ẹ ní kí wọ́n ṣí kéènì tí síìlì rẹ̀ kò tíì já lójú yín.

Ohun méjì ló máa ń bàjẹ́ jù nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì. Èkíní ni rọ́bà fílítà àtijọ́ tó lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì. Bí ọmọ iṣẹ́ kò bá rí i, tó sì dè tuntun lé e, rọ́bà méjì á wà níbẹ̀, ọ́ìlì lè tú jáde tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ lójú ọ̀nà. Èkejì ni nọ́ọ̀tì ìdí sọ́ọ̀mpù, àwo tí ọ́ìlì ń dúró sí lábẹ́ ẹ́ńjìnì. Wáṣà rẹ̀ yẹ kó jẹ́ tuntun. Sọ́ọ̀mpù àlùmíníọ̀mù kò sì fẹ́ kí wọ́n fi agídí dè é, nítorí pé tíréèdì inú rẹ̀ máa ń bọ́. Ti 2ZR-FE yẹn, 37 Nm péré ni (Nm ni wọ́n fi ń wọn bí wọ́n ṣe de nọ́ọ̀tì le tó). Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò náà. Ike pẹlẹbẹ tó bo abẹ́ ẹ́ńjìnì ní àwọn kílíìpù tirẹ̀, wọn kì í sì í dá gbogbo rẹ̀ padà. Ó di orí Third Mainland Bridge kí ẹ tó gbọ́ tó ń wọ́ nílẹ̀.

Ní ti bíréèkì, páàdì tuntun máa ń nípọn tó mílímítà 10 sí 12, bó bá sì ti ku 3 kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n pààrọ̀ páàdì láìfa àwọn píìnì kálípà (ohun tó ń fún páàdì mọ́ dísìkì) yọ, láìnù wọ́n kí wọ́n sì fi gíríìsì bíréèkì sí wọn, ààbọ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Píìnì tó ti gan kì í jẹ́ kí kálípà padà sẹ́yìn, páàdì ti inú á jẹ tán kí ti ìta tó jẹ ìdajì, dísìkì á sì máa gbóná. Ẹ wà á fún bí ìṣẹ́jú 20, ẹ gbé ọwọ́ súnmọ́ wíìlì kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kàn án: bí wíìlì iwájú kan bá gbóná ju èkejì lọ gidi, ẹ dá a padà. Bí wọ́n bá sì kọ́kọ́ gbé mọ́tò fún yín lẹ́yìn páàdì tuntun, ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin kí ẹ tó fi sí gíá. Bí wọn kò bá ti tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ yín á kan ilẹ̀, mọ́tò kò sì ní dúró.

Nọ́ọ̀tì wíìlì Corolla àti Camry yẹ kó wà ní 103 Nm, torque wrench, sípánà tó ń wọn bí nọ́ọ̀tì ṣe le tó, ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ìbọn afẹ́fẹ́ nìkan ni ọ̀pọ̀ wákìṣọ́ọ̀pù ń lò, ó sì máa ń le kọjá ààlà. Ẹ mú sípánà wíìlì tó wà nínú búùtù yín, ẹ gbìyànjú láti tú nọ́ọ̀tì kan níbẹ̀. Bí ẹ kò bá lè tú u lọ́sàn-án gangan nínú ọgbà wọn, ẹ kò ní lè tú u lálẹ́ ní ọ̀nà Ìbàdàn nígbà tí táyà bá jò. Ẹ ní kí wọ́n tún un dè.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni iná “check engine” tí wọ́n kàn fi kọ̀ǹpútà pa. Iná kú, owó wọlé, ohun tó ń ṣe mọ́tò ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré OBD2 tí à ń kì bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ Bluetooth. Kí ẹ tó gbé mọ́tò lọ, ẹ ka kóòdù àṣìṣe tó wà níbẹ̀ kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá gbà á padà, ẹ wo àwọn àyẹ̀wò tí mọ́tò ń ṣe fún ara rẹ̀, áàpù máa ń pè wọ́n ní “readiness.” Bí ọ̀pọ̀ bá wà lórí “not ready,” a jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́ tàbí wọ́n yọ bátìrì. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tó tún nǹkan ṣe lóòótọ́ náà á pa kóòdù rẹ́. Ìbéèrè tí ẹ máa bi wọ́n ni pé: kí ni ẹ pààrọ̀? Níbo ni àtijọ́ rẹ̀ wà?

Gíá náà nìyí, ní ṣókí. CVT (gíá ọtomátíìkì tó ń fi bẹ́líìtì ṣiṣẹ́, tí kò ní ìpele-ìpele) àti gíá ọtomátíìkì lásán kò jọ ń mu ọ́ìlì kan náà. CVT Toyota tuntun ń gba CVT Fluid FE, ti Honda tuntun ń gba HCF-2, ti Nissan tuntun ń gba NS-3. Toyota WS, tó jẹ́ ATF, ìyẹn ọ́ìlì gíá ọtomátíìkì lásán, kò sí fún irú CVT yìí. Bí ìwé owó bá kàn kọ “ATF” lásán sórí mọ́tò tó ní CVT, ẹ dá iṣẹ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Bí ó bá wá bàjẹ́ ńkọ́? Bí iná ọ́ìlì pupa bá tàn, ẹ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ pe ọkọ̀ tó ń wọ́ mọ́tò. Bí ẹ bá wà á délé, wọ́n á sọ pé ẹ̀yin lẹ ba ẹ́ńjìnì jẹ́, ó sì máa ṣòro láti já wọn ní koro. Ẹ má gbé e fún mẹkáníìkì àdúgbò láti tú nǹkan kan kí dílà tó rí i. Bí ọwọ́ kejì bá ti wọ̀ ọ́, ẹ̀rí ti dàpọ̀. Ẹ pe mẹkáníìkì mìíràn láti wò ó, kó ya fọ́tò, kó sì kọ ohun tó rí sórí ìwé ilé iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú iye tí àtúnṣe máa ná yín, láìtú nọ́ọ̀tì kankan.

Ẹ wá kọ̀wé sí máníjà sáfíìsì, kì í ṣe sí ọmọ kántà. Kí ó ní déètì, nọ́ńbà jọ́ọ̀bù káàdì, kìlómítà, ohun tí wọ́n kọ, ohun tí ẹ bá níbẹ̀, àti ohun tí ẹ ń béèrè: àtúnṣe lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí owó tó jẹ́ iye pàtó. Ẹ fún wọn ní ọjọ́ méje. Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ fi ìwé kan náà ránṣẹ́ sí orí ilé iṣẹ́ wọn àti ẹni tó ń kó irú mọ́tò náà wọlé. Bí mọ́tò bá ṣì wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n sì kọ̀ láti tú u sílẹ̀ láìgba owó tí ẹ kò gbà pé ó tọ́, ẹ má fi ipá gbé e. Ẹni tó ṣiṣẹ́ lórí mọ́tò lábẹ́ òfin lè dì í mú títí owó iṣẹ́ á fi wọlé. Ẹ san án, kí ẹ kọ ọ́ sórí ìwé owó náà pé ẹ san án pẹ̀lú àtakò, kí ẹ buwọ́ lù ú, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀.

Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti 2018 wà lẹ́yìn yín. Abala 130 rẹ̀ sọ pé iṣẹ́ tí a sanwó fún gbọ́dọ̀ parí lásìkò, kó sì dára tó bó ṣe yẹ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lè ní kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n dá apá tó tọ́ nínú owó padà. FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdíje àti ààbò oníbàárà, ló ń gba irú ẹ̀sùn yìí jákèjádò Nàìjíríà. Ní Èkó, LASCOPA, àjọ ìpínlẹ̀ náà tó ń dáàbò bo oníbàárà, tún wà. Àwọn àjọ wọ̀nyí á béèrè ìwé lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó pe dílà, ẹni tí kò ní jọ́ọ̀bù káàdì kò ní rí nǹkan púpọ̀ gbé sílẹ̀ níwájú wọn.

Bí gbogbo ìyẹn bá já sí asán ní Èkó, Small Claims Court, ilé ẹjọ́ fún gbèsè kékeré, ti wà láti 2018 fún owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, ẹ kò sì nílò lọ́yà kí ẹ tó lọ. Owó tó ní iye pàtó ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀sùn pé wọ́n fi àkókò yín ṣòfò. Ìdí nìyẹn tí ìwé mẹkáníìkì kejì fi gbọ́dọ̀ ní iye owó nínú. Lẹ́tà tí ẹ fi ń béèrè owó náà ló máa ṣáájú ẹjọ́. Ẹ jẹ́ kí iye inú rẹ̀ àti iye inú ìwé mẹkáníìkì yẹn bára mu, kí kọ́bọ̀ kan má yàtọ̀.