Àtàǹpàkò kọ́ la fi ń mọ wáìnì tó dáa

Láti ìgbà tí a ti ń múra ìkómọ ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa ní Kubwa: "Ẹ ti àtàǹpàkò bọ ìdí ìgò wáìnì. Bó bá wọlé, ojúlówó ni; bí ìdí rẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ayédèrú ni." Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń fi ẹnu fẹ́ ìgò láyé àtijọ́ ló máa ń ti ìdí rẹ̀ wọnú kó lè dúró dáadáa. Ti ṣaḿpéènì tún ní iṣẹ́ tó ń ṣe: gáàsì inú rẹ̀ lágbára gan-an, ihò yẹn wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí ìgò bẹ́. Ṣùgbọ́n Cristal, irú ṣaḿpéènì kan tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún Alexander Kejì ọba Rọ́ṣíà ní 1876, ìdí tiẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, owó rẹ̀ sì ń dẹ́rù bani.

Lánàá, mo gbé ìgò méjì ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Wuse. Ọ̀kan wúwo bí ọmọ ọlọ, lébẹ́lì rẹ̀ ń dán bíi góòlù, àtàǹpàkò mi wọ ìdí rẹ̀ dé oríkèé. 75cl ló wà nínú rẹ̀. 75cl náà ló wà nínú èkejì tó fúyẹ́. (Èmi náà fẹ́ràn ìgò tó rẹwà o, ìyàwó mi ń fi wọ́n gbin òdòdó.)

Lébẹ́lì ẹ̀yìn ìgò ni kí ẹ kà: ibi tó ti wá, bí ọtí inú rẹ̀ ṣe le tó, nọ́ńbà NAFDAC.