Níbo la máa da ooru fusion sí ní gbalasa òfuurufú?

Okun o, ẹ̀yin ará ilé.

Èrò ọkàn mi rèé lórí ẹ̀rọ fusion, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń da átọ́ọ̀mù kéékèèké pọ̀ kí agbára lè jáde, tí wọ́n ní yóò máa gbé ọkọ̀ rìn ní gbalasa òfuurufú. Bí wọ́n ṣe máa dá iná yẹn ni gbogbo èèyàn ń sọ. Ibi tí wọ́n máa da ooru rẹ̀ sí ló ká mi lára jù.

Deuterium àti tritium, oríṣi hydrogen méjì, ló rọrùn jù láti dà pọ̀, síbẹ̀ ó ń fẹ́ ooru tó ju mílíọ̀nù 100°C lọ. Iná tó ń sun òkúta di sìmẹ́ǹtì, irú èyí tó wà l'Ọbajànà, nǹkan bí 1,450°C ni. Kò sí ìkòkò tó lè gba irú ooru bẹ́ẹ̀, òòfà ni wọ́n fi ń gbé e dúró kó má bàa kan ògiri. Nínú agbára 17.6 MeV (òṣùwọ̀n agbára átọ́ọ̀mù) tó ń jáde, neutron, ẹ̀rún átọ́ọ̀mù tí kò ní iná mànàmáná lára, ló ń gbé 14.1 lọ, òòfà kò sì rí neutron mú. Ògiri ló ń lọ forí sọ, ó sì di ooru níbẹ̀.

Mọ́tò tó ń ti Lọ́kọ́ja bọ̀ ní Kàbbà, afẹ́fẹ́ ló ń tu rédíétọ̀ rẹ̀ lára. Kò sí afẹ́fẹ́ lọ́hùn-ún. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, ọ̀nà irin alágbẹ̀dẹ: irin ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú iná, o dúró ní ìgbésẹ̀ méjì sí i, ojú rẹ ti ń gbóná.

Ká ní ooru megawatt 1 la fẹ́ dà nù. Bí páńẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe iṣẹ́ rédíétọ̀ bá gbóná dé 127°C, tó ń da ooru nù lójú méjèèjì, ó máa fẹ̀ tó sìkúyà mítà 380, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba púlọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 ní 100 tán. Gbé e dé 527°C, yàrá ẹsẹ̀ bàtà 16 ní 16 ti tó: ní kelvin, òṣùwọ̀n ooru tó bẹ̀rẹ̀ láti -273°C, 400 di 800, ìlọ́po méjì, ooru tó ń jáde di ìlọ́po 16. Àmọ́ páìpù tó ń gbé ooru lọ sí páńẹ́ẹ̀lì tó gbóná báyẹn kì í gba omi, irin yíyọ́ bíi sodium ló ń gbà. Òkúta bíńtín kan tó ń fò kiri lu páìpù náà, ohun tó wà nínú rẹ̀ dà nù. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n pín in sí páìpù kéékèèké púpọ̀, kí ọ̀kan má mọ ti èkejì.

Nítòsí ooru yẹn náà ni òòfà wà, tó gbọ́dọ̀ tutù dé nǹkan bí -253°C. Ooru wáàtì 1 yọ́ wọ inú rẹ̀, ó kéré tán wáàtì 14 ni fíríìjì máa jẹ kó tó lé e jáde.

Helium-3, oríṣi gáàsì helium kan, ni ọ̀pọ̀ ń yìn. Òótọ́ ni, òun àti deuterium ń mú 18.3 MeV wá, òòfà sì lè darí ohun tó ń jáde gba ẹ̀yìn ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ooru tó ju ti tritium lọ fíìfíì, helium-3 ṣọ̀wọ́n láyé, deuterium sì tún ń bá deuterium ẹgbẹ́ rẹ̀ dà pọ̀, neutron á tún yọjú.

Ní December 2022, NIF, ibùdó ìwádìí fusion onílésà ní Amẹ́ríkà, fi iná lésà 2.05 MJ (megajoule, òṣùwọ̀n agbára) gba 3.15 MJ. Inú mi dùn sí i gan-an. Àmọ́ nǹkan bí 300 MJ ni lésà náà fà láti orí wáyà.

Ní tèmi, ẹ̀rọ tó ń la átọ́ọ̀mù (fission) ni kí owó kọ́kọ́ lọ sí. KRUSTY, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí NASA dán wò, ṣiṣẹ́ fún wákàtí 28 ní Nevada lọ́dún 2018. Bí wọ́n bá sì fi àwòrán ọkọ̀ fusion hàn yín, páńẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí kò bá sí páńẹ́ẹ̀lì ńlá níbẹ̀, ẹni tó yà á kò tíì ka ooru mọ́ ọn.