Ata kì í jó ẹnu, omi tútù kì í sì í pa á

Ní búkà ìyán èyíkéyìí tó wà nítòsí Ọjà Àtàkúnmọ́sà n'Íléṣà, ohun kan náà lẹ máa rí: ẹni tí ọbẹ̀ ta lẹ́nu á fi eyín ya ọ̀rá píọ wọ́tà, á dà á sọ́fun, á mí kanlẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ẹnu á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Á tún ní kí wọ́n mú òmíràn wá. Ohun tí gbogbo ayé gbà ni pé ata ń jó ẹran ẹnu bíi iná, omi ló sì ń pa iná. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi tẹmọ́mítà sẹ́nu ẹni tó ń jẹ rodo lọ́wọ́: ata náà ò ní kó gòkè. Capsaicin, èròjà tó ń mú kí ata máa ta, ló ṣí ilẹ̀kùn kan tó jẹ́ pé ooru ló yẹ kó ṣí i. TRPV1 ni wọ́n ń pe ilẹ̀kùn náà. Purotéènì ni, ó sì jókòó sínú awọ sẹ́ẹ̀lì iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ. Ẹ̀yà mẹ́rin tó bára dọ́gba ló para pọ̀ di ẹyọ kan, wọ́n yí ihò kan ká. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan gba inú awọ náà kọjá lẹ́ẹ̀mẹfà; ìkọjá karùn-ún àti ìkẹfà ló di ògiri ihò. Bí ibẹ̀ bá gbóná tó nǹkan bíi 43°C, ihò á là, kálísíọ̀mù àti sódíọ̀mù á rọ́ wọlé, iṣan á sì ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé nǹkan ń jó wa o. Ọpọlọ gbà á gbọ́, ló fi ń mú kí ẹ máa làágùn.

Capsaicin kì í kanlẹ̀kùn látìta. Ṣe ló máa ń yọ́ wọ inú awọ sẹ́ẹ̀lì, tó jẹ́ ọ̀rá, á wá há sí ẹ̀gbẹ́ purotéènì náà, nítòsí ibi tí ìkọjá kẹrin ti so mọ́ ìkarùn-ún. Bó ṣe há síbẹ̀ ló ń fa ihò yà, láìsí ooru kankan. Ní 1997 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, David Julius, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ṣàwárí TRPV1. Òun àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì míì, Ardem Patapoutian, ló pín ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn ní 2021.

Ibi tí omi ti kùnà nìyí. Capsaicin kì í fẹ́ẹ́ yòrò nínú omi, ọ̀rá ló ń bá rẹ́. Omi tútù ń mú kí ilẹ̀kùn náà rọra padé díẹ̀, lóòótọ́, àmọ́ capsaicin ṣì wà níbi tó há sí. Bí ẹnu bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́ padà, ó tún là. Èyí tó tún wá burú ni pé bí capsaicin bá ti wà lára TRPV1, kì í dúró de 43°C mọ́; ooru ara lásán ti tó o. Ìdí nìyẹn tí ọbẹ̀ tó ń hó fi ń ta ju èyí tó ti tutù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti bù wọ́n. Nǹkan kíkan náà ń ṣí i, nítorí náà, ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ sílẹ̀.

Mílíìkì ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ po ṣíbí méjì tó kún dáadáa sínú ààbọ̀ ife omi tútù, ẹ bù ú sẹ́nu, ẹ fi yí ahọ́n ká díẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e mì, kẹ́ ẹ sì tún un ṣe. Casein, purotéènì kan tó wà nínú mílíìkì, ló ń gbá capsaicin mú. Bí kò bá sí mílíìkì, ẹ lá ṣúgà.

Ti ọwọ́ tó gé rodo yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ́kọ́ fi omi ṣan án, omi á sì kàn tàn án kálẹ̀ ni. Òróró ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi pa á dé abẹ́ èékánná, kẹ́ ẹ nù ún kúrò, kẹ́ ẹ wá fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́. Àmọ́ bó bá bọ́ sójú, omi tó mọ́ nìkan, kó sì pọ̀. Ẹ má da òróró síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó ń yọ kóró rodo kó má baà ta, fọ́nrán funfun tí kóró so mọ́ ni capsaicin pọ̀ sí jù. Bẹ́ ẹ bá yọ kóró tẹ́ ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan.

Ilẹ̀kùn yìí wà nínú ìfun títí dé ìdí, ẹni tó jẹ ata lálẹ́ á sọ tiẹ̀ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ata kọ́ ló sábà máa ń dá ọgbẹ́ sí inú: kòkòrò Helicobacter pylori àti oògùn ara ríro bí ibuprofen ni. Ẹni tó ti ní ọgbẹ́ lè mọ ata lára ju ẹlòmíràn lọ, kó má jẹ ẹ́ bó bá ń dà á láàmú.

Adìyẹ ńkọ́, tó ń ṣa kóró ata jẹ tí kò mira? Ó ní TRPV1, ooru sì ń ṣí i. Ibi tí capsaicin ń há sí ni kò rí bíi tiwa.

Bí kálísíọ̀mù bá sì rọ́ wọlé jù, ilẹ̀kùn náà á ti ara rẹ̀, kò ní tètè dáhùn mọ́. Àǹfààní èyí ni àwọn dókítà ń lò tí wọ́n bá lẹ àlẹ̀mọ́ tó ní capsaicin 8% mọ́ awọ ara ẹni tí iṣan tó ń gbé ìrora ń dà láàmú, tí wọ́n á sì ṣí i lẹ́yìn wákàtí kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbìyànjú láti fi rodo lílọ̀ ṣe é nílé o, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa wọn èyí tó wà nínú rẹ̀.