Irọ́ ni pé apá Red Sox kò ká Mookie Betts

Ẹ kàn dárúkọ Mookie Betts láàárín àwọn olólùfẹ́ béésíbọ́ọ̀lù méjì nílùú Boston, kí ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹ máa wòran. Òun ni ìràwọ̀ tí Red Sox, ẹgbẹ́ béésíbọ́ọ̀lù ìlú náà, fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Los Angeles Dodgers ní 2020. Ọ̀kan á ní ohun tí àwọn tó ni Red Sox ṣe kò ní àforíjì. Ìkejì á kanrí mọ́lẹ̀, á ní kí lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe? Owó tí ọmọkùnrin yẹn ń béèrè ti kọjá agbára wọn, ó sì ti pinnu pé òun ń lọ. Dípò kó lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣebí ó sàn kí wọ́n fi gba nǹkan. Láti 2020 ni wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí, ti ẹnì kejì ló sì ń ta èèyàn létí jù, torí ó dún bí ọ̀rọ̀ àgbà. Kódà àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà, tí wọn ò jókòó wo ìdíje kan parí rí, ti ń bá wọn wí i. Òótọ́ inú rẹ̀ kò tó nǹkan.

Fún ẹni tí kò mọ ìtàn náà, ọmọ inú ilé ni Betts. Nashville ní ìpínlẹ̀ Tennessee ni wọ́n ti bí i, Red Sox ló sì mú un ní 2011, nígbà tó ń jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ti máa ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ lọ́dọọdún. Ẹni 171 ni wọ́n ti pè kí wọ́n tó dárúkọ tirẹ̀. Kò ga, kò sì sígbọnlẹ̀, kò sẹ́ni tó retí pé ó máa di ìràwọ̀ kankan. Ó wọ ẹgbẹ́ àgbà ní oṣù kẹfà 2014. Nígbà tó fi máa di 2018, òun ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní American League, ìdajì kan nínú líìgì àgbà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ jáwé olúborí nígbà 108 lọ́dún yẹn, wọ́n sì na Los Angeles Dodgers gba World Series, ife tó ga jù lọ nínú líìgì náà. Ní oṣù kejì 2020, ọ̀dọ̀ Dodgers yẹn náà ni wọ́n fi í ránṣẹ́ sí.

Ẹ̀yin tó jẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lẹ mọ̀, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀. Nínú béésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, wọn kì í sábà ta èèyàn gba owó bí Barcelona ṣe ń rà tí Chelsea ń tà. Èèyàn ni wọ́n fi ń gba èèyàn. Ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ tí agbábọ́ọ̀lù bá fi ṣeré ní líìgì àgbà, ọwọ́ ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ ló wà. Tó bá ti pé, ó di òmìnira, ibi tó bá wù ú ló lè lọ. Ìparí 2020 ni ti Betts máa pé. Nítorí náà, ọdún kan péré ni Red Sox gbé lé Dodgers lọ́wọ́, owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún náà sì jẹ́ mílíọ̀nù 27 dọ́là.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ owó, torí ibẹ̀ ni irọ́ náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Líìgì ní ààlà kan fún àpapọ̀ owó tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń san fún àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Kì í ṣe èèwọ̀ láti kọjá rẹ̀. Ẹni tó bá kọjá á san ìtanràn lórí iye tó fi lé. Mílíọ̀nù 208 dọ́là ni ààlà náà ní 2020. Ẹgbẹ́ tó kọjá lẹ́ẹ̀kan á san ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá tún kọjá lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìdá 30. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìdá 50. Red Sox ti kọjá ní 2018 àti 2019, ìdá 50 ló kàn. Ó ń bani lẹ́rù tí ẹ bá gbọ́ ọ báyẹn. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n fi mílíọ̀nù 20 kọjá ààlà: mílíọ̀nù 10 ni ìtanràn rẹ̀. Ohun tí wọ́n san ní 2018 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 12, ti 2019 sì lé ní mílíọ̀nù 13. Ọdún tí wọ́n san mílíọ̀nù 12 yẹn ni wọ́n gba ife. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sunkún owó lọ́jọ́ náà.

Ta sì ni ẹ ní kò lówó? Ní 2002, mílíọ̀nù 660 dọ́là ni John Henry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ra Red Sox, tòun ti pápá Fenway àti ìpín tó jọjú nínú iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ń gbé ìdíje wọn sáfẹ́fẹ́. Nígbà tó fi di 2020, ìwé ìròyìn Forbes ti ṣírò rẹ̀ sí bílíọ̀nù 3.3. Lópin 2021, iléeṣẹ́ wọn, Fenway Sports Group, tún ra ẹgbẹ́ họ́kì Pittsburgh Penguins. Bẹ́ẹ̀ ni o, àwọn tó ni Liverpool náà ni.

Owó wà. Ibi tí wọ́n ná an sí ni ká wò. Ní oṣù kejìlá 2018, wọ́n fún Nathan Eovaldi, ajubọ́ọ̀lù tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ní mílíọ̀nù 68 fún ọdún mẹ́rin. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n fi mílíọ̀nù 145 fún ọdún márùn-ún kún ti Chris Sale, ẹni tí èjìká rẹ̀ ti ń dà á láàmú ní 2018. Ní oṣù kẹta 2020, Sale wà lórí ibùsùn iṣẹ́ abẹ. Ẹ ro méjèèjì pọ̀: mílíọ̀nù 213 fún apá tí ó ti ń dùn wọ́n tẹ́lẹ̀, nígbà tí ọmọ inú ilé tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá wà níbẹ̀. N kò ní kí wọ́n má san ti àwọn ajubọ́ọ̀lù o, ife tí wọ́n gbà, àwọn náà bá wọn gbà á. Àmọ́ ẹni tó bá yan ohun tó rà kò lè padà wá ní òun kò lówó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń fò nínú ìtàn yìí ni David Price. Kì í ṣe Betts nìkan ló lọ sí Los Angeles. Price, ajubọ́ọ̀lù ọmọ ọdún 34, ṣì ní mílíọ̀nù 96 tó máa gbà lọ́wọ́ Red Sox fún ọdún mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó máa gbé irú owó yẹn lé orí lófìfo. Ẹ ti rí i lọ́jà rí: ẹni tó ní ewúrẹ́ kan tí kò tà, á so ó mọ́ àgbò tí gbogbo ọjà ń ná, á ní ẹni tó bá fẹ́ àgbò gbọ́dọ̀ mú méjèèjì. Ohun tí wọ́n fi Betts ṣe nìyẹn. Síbẹ̀ Red Sox ṣì san mílíọ̀nù 48, ìdajì owó Price, kí Dodgers tó gbà. Tí wọ́n bá fẹ́ kí Betts mú èrè gidi wá, òun nìkan ni wọn ì bá gbé síta. Àwọn ọ̀dọ́ tó dára ju èyí tí wọ́n gbà lọ ì bá wá. Wọ́n fi lára iye rẹ̀ san gbèsè ẹlòmíì.

Pàṣípààrọ̀ náà tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Ẹgbẹ́ kẹta, Minnesota Twins, wà nínú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, wọ́n fẹ́ fún Boston ní ọ̀dọ́ ajubọ́ọ̀lù kan, Brusdar Graterol, kí Red Sox tó yẹ ìwé ìlera rẹ̀ wò tí wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́. Fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kò sẹ́ni tó mọ ẹgbẹ́ tí Betts wà. Àwọn alátìlẹyìn ń gbàdúrà kó dàrú pátápátá. Kò dàrú.

"Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ lọ." Ẹ gbọ́ ná. Òótọ́ ni pé Betts mọ iye ara rẹ̀. Ní 2018, nígbà tí Red Sox fẹ́ san mílíọ̀nù 7.5 fún un lọ́dún yẹn, ó gbé wọn lọ síwájú onílàjà, ó ní 10.5 ni òun tó sí, onílàjà sì dá a láre. Ìròyìn tó jáde lẹ́yìn náà ní wọ́n fi mílíọ̀nù 300 fún ọdún mẹ́wàá lọ̀ ọ́, ó ní mílíọ̀nù 420 fún ọdún méjìlá. Gbogbo ẹni tó bá ti ná ọjà rí mọ̀ pé iye tí ẹnì kan kọ́kọ́ dá kì í ṣe iye tó máa gbà. Èyí tó wá tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù keje 2020. Betts, tí wọ́n ní kò sí ohun tó máa mú un buwọ́ lùwé kó tó di òmìnira, buwọ́ lùwé pẹ̀lú Dodgers fún ọdún méjìlá, mílíọ̀nù 365. Kò tíì gbá ìdíje gidi kan fún wọn nígbà yẹn.

Wọ́n á ní Kòrónà ló dẹ́rù bà á. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Pápá ṣófo, kò sẹ́ni tó mọ iye tí ẹgbẹ́ kankan máa ná lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ ya owó náà wò. Nínú mílíọ̀nù 365, mílíọ̀nù 115 ni wọ́n sún síwájú, tí wọ́n á máa san láti 2033 títí di 2044, láìsí èlé. Mílíọ̀nù kan tí wọ́n máa fún ọ ní 2044 kì í ṣe mílíọ̀nù kan lónìí. Tí ẹ bá ṣí ìdérí kúrò, owó náà kò jìnnà sí mílíọ̀nù 300 tí Boston fi lọ̀ ọ́. Wọ́n kàn mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó ní Los Angeles.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ "ó sàn ká gba nǹkan." Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ Liverpool á sọ pé ẹ wo Trent Alexander-Arnold, ọmọ inú ilé tí àwọn olówó kan náà tọ́, tí àdéhùn rẹ̀ parí ní 2025, tó sì kọrí sí Real Madrid fún owó táṣẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ní kó tètè wá. Ó dun àwọn èèyàn débi pé wọ́n hó lé e lórí ní Anfield. Ṣùgbọ́n ọdún tó lò kẹ́yìn yẹn, Liverpool gba ife Premier League pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má ka ìyẹn sí òfo. Ní ti Betts, kò tiẹ̀ níí jẹ́ òfo pátápátá bó bá lọ, torí òfin líìgì á fún Red Sox láǹfààní láti mú ọ̀dọ́ kan kún tiwọn.

Kí ni wọ́n wá gbà? Alex Verdugo gbá dáadáa ní ọdún àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó di ẹni àárín, ní oṣù kejìlá 2023 wọ́n gbé e fún New York Yankees, ọ̀tá wọn àtayébáyé. Yankees kẹ̀! Jeter Downs, ọ̀dọ́ tí wọ́n gbójú lé jù, gbá ìdíje 14 péré fún Boston ní 2022 kí wọ́n tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Connor Wong, ẹni tó ń lóṣòó gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ẹni tó ń fi igi gbá a, ni ó rí ibùdó. Dodgers, ní tiwọn, gba World Series ní 2020, 2024 àti 2025 pẹ̀lú Betts. N kò sọ pé Red Sox ì bá gba ti 2020. Ajubọ́ọ̀lù wọn ti run kí líìgì tó bẹ̀rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni wọ́n sì parí sí.

Ẹ̀rí tí mi ò rí ẹni tó lè fèsì sí ni ti oṣù kìíní 2023. Ní oṣù yẹn, Red Sox kan náà, John Henry kan náà, fọwọ́ sí mílíọ̀nù 313.5 fún ọdún mẹ́wàá kí Rafael Devers má bàa lọ. Ó ju èyí tí wọ́n fi lọ Betts. Wọ́n ṣe é nígbà tí ariwo àwọn alátìlẹyìn ti ń jóni létí, torí Xander Bogaerts, ọmọ inú ilé mìíràn, ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sí San Diego lóṣù kan ṣáájú. Ìjà bẹ́ láàárín wọn àti Devers náà lórí ipò tó máa gbá, wọ́n sì gbé e fún San Francisco ní oṣù kẹfà 2025. Ìyẹn ẹjọ́ mìíràn. Èyí tó kàn wá ni pé owó jáde nígbà tó wù wọ́n kó jáde.

Tí ẹ bá fẹ́ gbèjà wọn, ibì kan wà tí ẹ lè dúró sí. Betts ti lé ní 40 díẹ̀ nígbà tí àdéhùn rẹ̀ bá parí ní 2032, igi rẹ̀ ní 2025 kò sì mú bí ti tẹ́lẹ̀, ọdún tó burú jù fún un nídìí gbígbá ni. Dodgers lè kábàámọ̀ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá sọ pé irú àdéhùn gígùn bẹ́ẹ̀ kò bọ́gbọ́n mu, mo lè jókòó bá a jiyàn di òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tún ní wọn kò lówó, tàbí ní Betts ló kọ̀, n ó ní kó kọ́kọ́ lọ ṣàlàyé mílíọ̀nù 48 tí wọ́n san kí Price lè bá a lọ.