Wọ́n ti dí kòtò wúrà, koríko ti hù: ṣé odò ti mọ́ nìyẹn?

Ní abúlé kan lọ́nà Ìtagúnmódì, tí kò jìnnà sí Iléṣà, àǹtí màmá mi bu omi odò sínú kọ́ọ̀bù, wọ́n gbé e sókè sí oòrùn. "Wò ó, ó mọ́ lóló. Látìgbà tí àwọn awakùsà ti dí kòtò wọn, odò wa ti padà. Omi ò lọ́tàá."

Omi inú kọ́ọ̀bù mọ́ lóòótọ́. Àwọn òkúta ìsàlẹ̀ odò ni mo ń wò: nǹkan pupa bí ìpẹtà páànù ti bò wọ́n, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́.

Ẹrẹ̀ ni gbogbo wa fi ń mọ̀ pé odò bàjẹ́. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ máa ń rọ̀ sílẹ̀ tí àwọn awakùsà bá ti pa pọ́ǹpù wọn, kódà kí ẹnikẹ́ni tó dí kòtò. Ohun tó yòrò sínú omi kì í rọ̀ sílẹ̀ bí ẹrẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì láwọ̀.

Òkúta tí iṣan wúrà ń gbà kọjá, irú èyí tó wà ní Ìperindó ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, sábà máa ń ní irin àti imí-ọjọ́ tó lẹ̀ mọ́ra, nígbà mìíràn àséníìkì náà, tó jẹ́ májèlé. Tó bá wà lábẹ́ ilẹ̀, jẹ́jẹ́ rẹ̀ ló jókòó. Katapílà ló hú u síta tó sì fọ́ ọ. Bí afẹ́fẹ́ àti òjò bá ti kàn án, imí-ọjọ́ yẹn á di ásíìdì, ásíìdì á sì máa yọ irin inú òkúta jáde. Òkúta fífọ́ yìí kan náà ni wọ́n ń rọ́ padà sínú kòtò. Òjò á gba àárín rẹ̀ bí omi ṣe ń gba inú ajere, á yọ ní ìsàlẹ̀, á wọ odò. Koríko tó hù lókè kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti bá a pàdé lọ́dọ̀ ìwakùsà èédú. Láti 1977 ni òfin wọn ti sọ pé ẹni tó bá wa èédú lórí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tún ilẹ̀ náà ṣe. Síbẹ̀, ìwádìí tó jáde ní 2011 lórí odò Mud River ní West Virginia fi hàn pé ibi tí wọ́n ti tún ṣe láti nǹkan bí 20 ọdún ṣì ń da iyọ̀ tó yòrò láti ara òkúta sínú odò, àti sẹ̀lẹ́níọ̀mù, èròjà inú òkúta tó lè pa ẹja lára tó bá pọ̀. Àwa náà ní òfin, ti 2007, ó ní kí awakùsà tún ilẹ̀ ṣe. Ní ojú ọ̀pọ̀ èèyàn, kí katapílà rọ́ ilẹ̀ bo kòtò, ó parí.

Ti mẹ́kúrì tún wà, irin olómi tí àwọn tó ń fọ wúrà fi ń kó eruku wúrà jọ. Ó wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 13, nítorí náà ìsàlẹ̀ ẹrẹ̀ ló ń sùn sí. Àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí nínú ẹrẹ̀ á sọ ọ́ di irú tó ń wọ ara ẹja. Ní Minamata, ní Japan, ilé iṣẹ́ ló da mẹ́kúrì sínú òkun, ẹja gbé e dé abọ́ àwọn èèyàn. 1956 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde àìsàn náà.

Àǹtí ní àwọn máa ń se omi odò náà, àwọn sì máa ń fi álọ́ọ̀mù sí i. Sísè ń pa kòkòrò, kì í pa irin. Omi ló ń fà, irin á tún wá ki sí i. Álọ́ọ̀mù ń kó ẹrẹ̀ jọ, ṣùgbọ́n a ò lè gbọ́kàn lé e fún ohun tó ti yòrò. Lábù tó ń wọn irin inú omi nìkan ló lè sọ, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti nígbà òjò, fún ọdún mélòó kan.

Wọ́n gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀. "Ẹja àrọ̀ tí ọmọ mi pa lánàá ńkọ́?"

Mo ní kí wọ́n má tíì sè é.