Ẹ Ṣí Agolo Yẹn

Wọ́n tún ti gbé e dé. Òtútù ò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tán, ilẹ̀ ṣì le koko, àwọn oníṣòwò agolo irúgbìn sì ti kún orí fóònù mi bámúbámú. Ẹ mọ̀ wọ́n. Ọkùnrin kan á dúró níwájú igbó, á le ojú koko, á ní ìyàn ń bọ̀, iná ń bọ̀ wá kú, ọjà ń bọ̀ wá ṣófo, àmọ́ ẹni tó bá ra agolo yìí ti bọ́. Wọ́n ní irúgbìn inú rẹ̀ á wà fún ọdún 25. Ẹ kàn gbé e sórí pẹpẹ, kẹ́ ẹ lọ sùn.

Ibi "kẹ́ ẹ lọ sùn" yẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Mi ò bá ẹni tó ń múra de ọjọ́ ìṣòro jà o. Èmi náà ní omi nínú kẹ́ẹ̀gì, mo ní tọ́ọ̀ṣì, mo ní oúnjẹ gbígbẹ tó lè gbé ilé mi ró fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ni oúnjẹ. Irúgbìn kì í ṣe oúnjẹ. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe ni.

Ẹ̀gbọ́n kan wà tí mo fẹ́ràn tí mo sì bọ̀wọ̀ fún, nítorí náà mi ò ní dárúkọ wọn. Mo yà sọ́dọ̀ wọn láìpẹ́ yìí láti yá ṣọ́bìrì, torí igi tèmi ti kán. Wọ́n mú mi wọ yàrá tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Ẹni tó bá rí yàrá yẹn á rò pé ogun ti bẹ́ sílẹ̀: bátìrì, àbẹ́là, sítóòfù kékeré, asẹ́ omi, gbogbo rẹ̀ létòlétò, wọ́n sì lẹ orúkọ mọ́ kálukú lára. Agolo irúgbìn wà lókè pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná, ooru ń fẹ́ sí i tọ̀sán-tòru. Ṣọ́bìrì tí wọ́n nà sí mi, bébà tí wọ́n kọ iye owó rẹ̀ sí ṣì wà lára igi rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà ìrúwé ti dé tán. Ẹ jẹ́ ká ṣí agolo yìí, ká mú hóró mẹ́wàá nínú àlùbọ́sà rẹ̀, ká wò ó bóyá á hù."

Ẹ wo ojú tí wọ́n fi wò mí! Àfi bíi pé mo ní ká fọ́ kóló ọmọ wọn. "Àbúrò, tá a bá ti ṣí i, ó ti bà jẹ́ nìyẹn. Ọjọ́ ìṣòro la rà á dè."

Háà.

Irúgbìn àlùbọ́sà kì í pẹ́ láyé. Láàárín ọdún kan sí méjì, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti kú. Tòmátì máa ń gbìyànjú, ó lè tó ọdún mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń pa wọ́n. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ní òfin kan: ẹ mú ìwọ̀n ooru ibi tẹ́ ẹ kó irúgbìn sí, ní Fahrenheit, ẹ rò ó pọ̀ mọ́ ìdá ọ̀rinrin nínú ọgọ́rùn-ún (%) tó wà nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀, àròpọ̀ wọn ò gbọ́dọ̀ ju 100 lọ. Ká tiẹ̀ gbà pé agolo ò jẹ́ kí ọ̀rinrin wọlé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi gbóná, ooru nìkan ti fẹ́ jẹ 100 yẹn tán. Ìdánwò tí mo sì ní ká ṣe ò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan: bébà ìnuwọ́ tá a rẹ sómi, hóró mẹ́wàá, ọ̀rá, ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, a ti mọ̀. Tí mẹ́jọ bá hù, ó dáa. Tó bá jẹ́ méjì, agolo òfìfo lẹ ń ṣọ́.

Ká wá ní gbogbo rẹ̀ hù. Ta ló fẹ́ gbìn ín? Ẹni tí kò kọ ebè kan rí láyé rẹ̀ ló fẹ́ wá kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ́jọ́ tí ebi ń pa á, lórí ilẹ̀ tó jẹ́ pé koríko nìkan ló mọ̀. Á gbin àgbàdo ní ìlà kan gbọọrọ, kò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú orí àgbàdo kan bọ́ sórí irun èkejì, pé ó yẹ kí ìlà mélòó kan wà papọ̀ kí ọmọ rẹ̀ tó lè kún. Á fa gbogbo kárọ́ọ̀tì tu, á jẹ ẹ́ tán, kò mọ̀ pé ọdún kejì ni kárọ́ọ̀tì tó ń so irúgbìn. Á gbin elégédé oríṣi méjì tó jẹ́ ẹbí kan náà sójú kan, oyin á pò wọ́n pọ̀, ohun tó máa hù lọ́dún tó ń bọ̀, kò ní jọ bàbá, kò ní jọ ìyá.

Bí ìṣòro ọ̀hún bá sì lọ dé lásìkò tí ewé ń rẹ̀ ńkọ́? Tòmátì fúnra rẹ̀, inú ilé la ti ń gbìn ín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ìrì dídì tó dáwọ́ dúró, ká tó gbé e bọ́ síta. Lẹ́yìn ìyẹn, á tún tó oṣù méjì sí mẹ́ta kó tó so. Ebi ò ní dúró de yín. Ẹ tiẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn agolo náà: ewé ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ta ni ewé nìkan yó rí?

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ló kàn mí, ṣé owó mi ni wọ́n fi rà á? Ẹ jọ̀ọ́.

Ohun tó dùn mí jù rèé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n yìí ń gbin nǹkan lẹ́yìnkùlé ilé kan náà. Ẹ̀wà, wọ́n á fi díẹ̀ sílẹ̀ lórí igi títí èèpo rẹ̀ á fi gbẹ tí á máa ró ṣaworo, wọ́n á pa á, wọ́n á kó o sínú àpò ìwé, wọ́n á kọ ọdún sí i lára. Tòmátì, wọ́n á fún hóró rẹ̀ sínú ife, á wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí ohun tó ń yọ̀ lára rẹ̀ á fi rà kúrò, wọ́n á ṣàn án, wọ́n á sá a. Èyí tí wọ́n bá kọ F1 sí lára páálí rẹ̀, ìyẹn irúgbìn tí wọ́n fi oríṣi méjì pò pọ̀ ṣe, wọn kì í tọ́jú irúgbìn rẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ kì í jọ ọ́. Ata tí wọ́n ń gbìn báyìí, ọwọ́ wọn ni irúgbìn rẹ̀ ti wá. Ta ló ti múra sílẹ̀ nínú ilé yẹn? Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ń pè é ní "eré ọgbà ìyàwó mi". Eré! Tiwọn tó wà nínú agolo ni iṣẹ́.

Mo sọ̀rọ̀ títí. Ẹ̀gbọ́n ní, "Àbúrò, bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ọrọọrún ló ń dá a. Kò dá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó wá dì í sínú agolo fún ọdún 25."

Ìyàwó wọn bú sẹ́rìn-ín láti ilé ìdáná.

Ẹ̀gbọ́n ò gbà. Wọ́n gbé Svalbard kò mí lójú, ilé irúgbìn tí wọ́n gbẹ́ sínú òkè ní erékùṣù Norway lọ́hùn-ún, tí wọ́n ṣí ní 2008, tí inú rẹ̀ tutù dé ìwọ̀n 18 nísàlẹ̀ òdo ní Celsius. "Ṣé eré ni gbogbo ayé ń ṣe níbẹ̀?" Inú mi dùn pé wọ́n dárúkọ rẹ̀, torí mo mọ ìtàn yẹn. Nígbà tí ogun Síríà ò jẹ́ kí ICARDA, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣèwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ gbígbẹ, lè lo irúgbìn tí wọ́n kó jọ nítòsí Aleppo mọ́, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ yọ irúgbìn jáde ní Svalbard, ní 2015, ó lé ní 38,000 oríṣi. Kí ni wọ́n fi ṣe? Wọ́n gbìn ín ní Lẹ́bánónì àti Mòrókò, wọ́n kórè, wọ́n sì dá irúgbìn tuntun padà sínú òkè yẹn ní 2017. Àwọn tó mọ oko ló ni àpótí yẹn, ẹ̀gbọ́n.

Mo rò pé mo ti jàre. Àfi bí ìyàwó wọn ṣe jáde síta, wọ́n ń nu ọwọ́. Wọ́n ní, "Ká ní gbogbo irúgbìn wọn ni wọ́n ti gbìn tán ní Aleppo, kí ni wọn ì bá yọ?" Wọ́n ní lọ́dún kan, ìrì dídì padà wá lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti rò pé ó ti lọ, ó pa ẹ̀wà wọn pátá lóru ọjọ́ kan. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú àpò ni wọ́n tún gbìn. "Ẹ jẹ́ kí agolo bàbá yẹn wà. Ẹ kàn bá mi gbé e kúrò nítòsí omi gbóná."

A gbé e kúrò. A ò ṣí i.

Èmi ṣì ní kí wọ́n ṣí i o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Àmọ́ mo ti kó àpò irúgbìn tèmi sórí tábìlì, mo ń pín in, mi ò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ pín in mọ́. Ẹ̀wà rọrùn, máa fi ìdajì sílẹ̀. Àlùbọ́sà tí kì í pẹ́ kú ńkọ́? Tí mo bá fi í pamọ́, ó lè kú sínú àpò. Tí mo bá gbìn ín tán, ìrì lè pa á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣe é tipẹ́, mélòó lẹ máa ń fi sílẹ̀?