Ẹ má fojú kéré òkè kékeré tẹ́ ẹ bá ń mú ajá lọ

Èrò ọkàn mi rèé, ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn kó wá. Òkè kékeré tó ga gèrègèrè, èyí tẹ́ ẹ lè gùn dé orí láàárín ìṣẹ́jú 20, ó le fún ajá ju kẹ́ ẹ jọ rìn fún wákàtí kan lórí ilẹ̀ títẹ́jú lọ, ibi tó sì ti le jù kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ bá ń gùn ún o, ìgbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni.

Kíkúrú tó kúrú yẹn ló ń tan àwọn èèyàn. Wọn ò ní gbé omi dání, wọn ò ní sinmi, ṣebí orí òkè náà là ń wò yìí. Ajá ò sì ní sọ pé ó ti rẹ òun, tó bá ti rí i pé ẹni tó ni òun ṣì ń lọ òun náà á máa lọ ni, á sáré síwájú, á sáré padà wá wò yín, á tún sáré lọ, kẹ́ ẹ tó débẹ̀ ó ti rin ọ̀nà yẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ rántí pé òógùn ò jáde lára ajá bíi tiwa (àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan ni díẹ̀ ti ń jáde), mímí ló fi ń lé ooru jáde. Ara ẹ̀ tiẹ̀ ti gbóná ju tiwa lọ tẹ́lẹ̀, bíi 38 sí 39 lórí ìwọ̀n Celsius, tó bá ti ń kọjá 40 wàhálà ti ń bọ̀ nìyẹn. Tó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ahọ́n ẹ̀ yọ síta gbọọrọ, tí itọ́ ẹ̀ ń ki, tó wá di pé ẹ̀yìn yín ló ń rìn, ẹ dúró jàre, ẹ wá ibòji, ẹ fún un lómi díẹ̀díẹ̀. Àwọn onímú pẹlẹbẹ bíi pug àti bulldog, èmi ò ní mú wọn gun irú òkè bẹ́ẹ̀ nígbà tóòrùn bá mú rárá.

Ó wá kan sísọ̀ kalẹ̀. Tí ajá bá dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹsẹ̀ iwájú ẹ̀ ló ń gbé nǹkan bíi 60 nínú 100 ìwúwo ara ẹ̀. Tó bá wá dorí kodò, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, èjìká àti oríkèé iwájú ló ń jẹ gbogbo ẹ̀. Kó máa fò láti orí àpáta kan sí òmíràn dùn-ún wò lóòótọ́, ó dùn-ún yà ní fídíò, àmọ́ tílẹ̀ bá mọ́ ó lè máa tiro. Ọmọ ajá tí egungun ẹ̀ ò tíì gbó (àwọn ajá ńlá mìíràn lè lò tó ọdún kan ààbọ̀) àtàwọn àgbà ajá tí oríkèé ń dùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gba ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ̀ tààrà. Ó máa gba itan àti orúnkún tiyín náà là.

Okùn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló fẹ́ràn kí ajá máa fà wọ́n gòkè, ọrùn ẹran ni wọ́n ń fún pa yẹn o! Èyí tí wọ́n ń so mọ́ àyà ló dáa. Tẹ́ ẹ bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ má wé okùn mọ́wọ́, torí ọ̀kẹ́rẹ́ kan péré ló máa gbafẹ́ kọjá, gbogbo "dúró" àti "jókòó" tẹ́ ẹ ti kọ́ ọ á ti wọgbó. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, àmọ́ tibí yìí ò ní dá sọnù, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ máa yí gbirigbiri.

Èmi ṣá o, tí ajá mi bá ti jókòó láàárín ọ̀nà tí kò dìde, ibẹ̀ la ti ń yí padà. Àwọn kan ní ṣé mo wá wá sórí òkè tí mi ò débẹ̀. Ta ní bá yín du orí òkè? Ajá ni mo mú jáde.